Ọdún Tí Yèyé Kò Sọ̀rọ̀ Nínú Ilé Wa

Ní ọdún tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé Orí Òkè, ìyá àgbà wa kò sọ̀rọ̀ nínú ilé. Kì í ṣe pé àìsàn mú un, kì í sì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń jẹun, ó ń gbálẹ̀, ó ń dirun fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Bí ó bá sì ti jáde síta, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí tèmi ni.

Yèyé là ń pè é. Òun ló bí màmá mi, ọmọ Ùsì-Èkìtì ni, ó sì ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Màmá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Adó pọ́ńbélé. Ọmọ méjì ló wà nínú ilé: Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi, Dúpẹ́, tí mo wà ní ìwé mẹ́fà lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ṣe títí irun mi fi funfun, ó sì ti mọ́ mi lára láti má gba ìrántí ara mi gbọ́ láìbi ẹlòmíràn. Nítorí náà kí n tó jókòó kọ èyí, mo bi màmá mi, mo bi Káyọ̀dé, mo sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kò sí aago tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé wa nígbà náà. Agogo Orí Òkè la fi ń mọ àkókò. Ilé ìwé náà ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n Orí Òkè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé láti ojú fèrèsé wa, bí a bá gbójú sókè, a ó rí ògiri olókùúta rẹ̀ àti igi máńgòrò tó yí i ká. Kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ ló kọ́ ọ, kí ọ̀dà tó dé ojú títì kankan nílùú, gbogbo ọmọ tó bá sì wọ ibẹ̀, inú ọgbà ló ń gbé. Bí agogo àkọ́kọ́ bá dún láàárọ̀, Káyọ̀dé á lọ pọnmi. Bí ìkejì bá dún, èmi á gbá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí orin ìjọsìn wọn bá sì ń fẹ́ bọ̀ láti òkè, màmá mi á ti máa wá bàtà rẹ̀ kan tó sá sábẹ́ ibùsùn, bàbá mi á sì máa bi í bóyá bàtà náà ti lọ ṣíwájú rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ Orí Òkè máa ń kọjá níwájú ilé wa ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, aṣọ wọn á ti gba sítáàṣì tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ohùn tó ga ju ti agogo lọ nínú ilé wa ni ohùn Yèyé. Gbogbo nǹkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bá iná wí: “Uná yìí, ọ̀lẹ ni ọ́ o.” Ó ń bá ẹ̀wà òtílí inú ìkòkò jà, pé láti òwúrọ̀ ni òun ti ń bẹ̀ ẹ́ kó jinná. Ó ń bi ewúrẹ́ bóyá ó sùn dáadáa. Bí ó bá ń gún iyán ní ìrọ̀lẹ́, àárín ìró ọmọ odó ló ti ń pè wá: “Dúpẹ́!” gbì. “Káyọ̀dé!” gbì. “Ẹ fọwọ́, uyán ti kúnná!” Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Èkìtì lè má mọ̀ pé níbi tí ìwé ti ń kọ lẹ́tà i ṣíwájú ọ̀rọ̀, u ni ẹnu Yèyé ń gbé síbẹ̀. Ilé di ulé, iṣu di uṣu, igi di ugi. Àwa náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi nìkan ni èdè tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ọmọ Adó ni, Yèyé kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. “Ẹ̀yin ará Adó,” á ní, “ẹ wulẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni.” Bàbá mi á dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yin ará Ùsì ńkọ́, Yèyé? Ẹ ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ rárá ni.” Ẹ̀rín á bẹ́, ọbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà.

Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti wọ Orí Òkè, ní ọdún tó ṣáájú tèmi. Ó kọ ìdánwò àbáwọlé, ó yege, wọ́n sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo bi í lórí fóònù láìpẹ́ yìí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. “Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń gbé,” ó ní. “Mo ní, ‘Ulé wa wà ní Òkè-Ìlá, sà.’ Wọ́n rẹ́rìn-ín, Dúpẹ́. Gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìyẹn, n ò gbọ́ ọ mọ́.” Wọn kò gbà á. Kò sí ẹni tó wá láti Orí Òkè wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Màmá mi ló sọ ìdí náà fúnra rẹ̀, ó sì dá a lójú. Òun náà ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ulé. “Orúkọ mi nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀,” ó sọ fún mi. “Bí mo bá wọ kíláàsì, ‘Ulé ti dé.’ Bí mo bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, ẹ̀rín. Mo ní ọmọ tèmi kò ní jẹ orúkọ yẹn.”

Nígbà tó wá kàn mí, ó pe gbogbo wa jọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mo rántí pé Yèyé ṣì ń fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ àwo ọbẹ̀. Màmá mi ní láti ọjọ́ náà lọ, Yorùbá inú ìwé la ó máa sọ nínú ilé, títí tí mo fi máa wọ Orí Òkè. Ó ní etí ọmọdé bí aṣọ funfun ni, ohun tó bá kán sí i ló ń gbà. Bàbá mi gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Yèyé ní, “Èmi náà?”

“Ìyé mi, ẹ jọ̀ọ́,” màmá mi dáhùn. “Nítorí Dúpẹ́ ni.”

Yèyé gbìyànjú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò gbìyànjú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú ààrò, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. “I... iná,” ó ní. “Ẹ wa iná. Ẹ fi igi... ẹ fi...” Ó fọwọ́ pa ẹnu ara rẹ̀ wò. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé, tó ké sí mi pé kí n gbé uyọ̀ wá. Màmá mi ti inú yàrá ké pé, “Ìyé!” Ohùn tó ń fi bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí ló fi ké e. N kò gbọ́ kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo gbé iyọ̀ lọ́wọ́, mo dúró láàárín yàrá àti ilé ìdáná, n kò mọ ibi tí mo lè lọ. Yèyé gba iyọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Ó fi sí ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, láìbínú, “Ó dáa. Mo ti gbọ́.” Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nínú ilé ní ọdún náà nìyẹn.

Ẹni tó bá kọjá lójú títì kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà ní ilé wa. Ìró ọmọ odó ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni láàárín rẹ̀ mọ́. Bí iyán bá kúnná, Yèyé á fi ṣíbí kan etí abọ́, a ó sì wá. Bí òtílí bá kọ̀ tí kò jinná, á kàn máa wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá dínkù, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sọdá títì lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhájì Úmárù, télọ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ Orí Òkè, ibẹ̀ ni ó sì ti ń sọ gbogbo ohun tí kò sọ láti àárọ̀. A máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Ohùn Yèyé di ohùn òde. Èmi á wà lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ìwé kíkà lọ́wọ́, màmá mi á máa tọ́ mi sọ́nà pé “ìlú, kì í ṣe ùlú,” ohùn yẹn á sì máa wọlé bí èéfín, pẹ̀lú uṣẹ́ àti ulẹ̀ àti ugbá rẹ̀. Màmá mi á dìde, á ti fèrèsé.

Èmi gan-an, mo kọ́ ọ kọjá bó ṣe yẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù lẹ́tà u. Ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ ní iwájú ọ̀rọ̀, mo gbà pé àṣìṣe ni, mo sì ń fi lẹ́tà i rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n rán mi lọ gba aṣọ bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàsán, Alhájì Ìmárù.”

Ọkùnrin náà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. “Ta ni?”

“Alhájì Ìmárù, sà.”

Ó yíjú sí Yèyé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Yèyé, ẹ gbọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, n kò rí ẹni tó jí ìdajì rẹ̀ lọ báyìí. Ó ku ọjọ́ kan tí wọn yóò máa pe ẹ̀yin náà ní Ìyéyé.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí, ó sì na ọwọ́, ó bá mi tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Mo rò pé nítorí pé mo ṣàṣìṣe níwájú aládùúgbò ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dé. Màmá mi fi epo pa mí lẹ́sẹ̀, a sì gun òkè náà lọ. Mo ti yege nínú ìdánwò tí a kọ sílẹ̀. Ohun tó kù kò ju ẹnu mi lọ. Ènìyàn méjì ló wà nínú yàrá: Ọ̀gá Àgbà, obìnrin tó ga tó sì wọ gíláàsì ojú, àti olùkọ́ Yorùbá kan tó ti dàgbà. Olùkọ́ náà fún mi ní ìwé kà. Mo kà á geere. Ó bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀, mo dáhùn láìkọsẹ̀. Ó mi orí sí Ọ̀gá Àgbà. Ó wá bi mí, bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, pé ọmọ ìlú ibo ni bàbá mi. Mo ní Adó. Ó ní, ìyá mi ńkọ́?

“Ìsì-Èkìtì, sà.”

Ó tẹ orí síwájú. “Níbo nìyẹn?”

“Ìsì-Èkìtì, sà. Lọ́nà Ìdó.”

“Ùsì ni o fẹ́ wí.”

“Rárá, sà. Ìsì ni. U kò dára, sà.”

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí Káyọ̀dé gbọ́ ni mo rò pé èmi náà gbọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ gíláàsì rẹ̀. “Ta ló ń sọ u ní ilé yín?” ó bi mí.

“Yèyé mi, Mà. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, Mà. Kí n lè wọ ilé ìwé yìí ni.”

Wọn kò bi mí ní ohun mìíràn. Ọ̀gá Àgbà mú mi lọ́wọ́ jáde lọ bá màmá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ibi tí àwọn òbí jókòó sí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ní mo mọ ìwé kà. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò lè gba ọmọ tí kò lè pe orúkọ ìlú ìyá rẹ̀. “Ẹ mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ó ní, “kí ìyá àgbà rẹ̀ sì bá yín wá. Wọn á sọ̀rọ̀, ọmọ yìí á sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Nígbà náà ni a ó mọ̀.” Màmá mi dúpẹ́.

Yèyé wà ní ilé ìdáná nígbà tí a dé. Màmá mi kúnlẹ̀ tì í, ó sì sọ ohun tí wọ́n wí. Yèyé fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀, ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń béèrè. “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé mi,” màmá mi dáhùn. “Kí ẹ sọ̀rọ̀ ni.” Yèyé dìde. Ó rìn kọjá lára wa, ó rìn kọjá yàrá, ó jáde sí iwájú ilé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló ti yíjú padà sí wa. “Ọjọ́ wo?” ó ní.

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Orí Òkè láìpẹ́ yìí, mo lọ kọ ìròyìn nípa bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tuntun. Máńgòrò kan ṣoṣo ló kù. Àwọn òbí jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń dán àwọn ọmọ wọn wò. Ìyá kan tó wá láti àdúgbò Adébáyọ̀ sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ń jẹ́ kí ọmọ òun sọ nílé. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé. “Wọ́n wà, Mà,” ó ní. “Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í yọ wá lẹ́nu rárá. Wọ́n kàn máa ń jókòó.” Mo padà sílé, mo sì lọ bá màmá mi tó ti dàgbà ju bí Yèyé ṣe rí nígbà náà. Mo bi í pé, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, ṣé ilé wa padà sí bó ṣe wà? “Mo ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀,” ó ní. “Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọlé, ohùn á wálẹ̀. Títí wọ́n fi kú, Dúpẹ́, n kò gbọ́ kí wọ́n tún bá uná jà níṣojú mi.” Uná ló pè é. N kò rò pé ó mọ̀.

Ní ọjọ́ tí a mú Yèyé lọ sí Orí Òkè, ó wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú òkè. Ọ̀gá Àgbà dìde fún un. Yèyé dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. “Inú ulé rè é,” ó ní. “Ṣé ẹ gbà kí n sọ̀rọ̀ nínú ulé?”

Olùkọ́ Yorùbá gbójú sílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ọ̀rọ̀ yín la pè yín wá gbọ́.”

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí ilé baba rẹ̀ ṣe rí, ibi tí wọ́n ń to ugi sí, bí òjò ṣe ń lu páànù ilé náà, àti odò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọnmi. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, bí omi tí wọ́n ti dí lójú, èmi sì ń sáré tẹ̀ lé e, mò ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó jókòó. Kò sí ìkankan tí n kò gbọ́. Nígbà tó parí, ó ní, “Ùlú tí mo í wí un, orúkọ rẹ̀ ni Ùsì.” Ó sì ń wò mí.

Gbogbo wọn ń dúró. Mo gbọ́ agogo oúnjẹ tí ó ń dún níta, ó sún mọ́ni gan-an, kò dàbí bí a ṣe ń gbọ́ ọ láti ilé. Màmá mi di ọwọ́ àpò rẹ̀ mú. Mo la ẹnu, i ló kọ́kọ́ wá síbẹ̀, mo gbé e mì.

“Wọ́n ní,” mo wí, “ìlú tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Ùsì.”

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó sì yíjú sí màmá mi, ó sọ ohun tó kù fún wa láti ṣe. Ó ní ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi; kí n mú búkẹ́ẹ̀tì wá, kí n mú àdá àti bàtà dúdú, kí a sì lọ fún Alhájì ní ìwọ̀n aṣọ mi. Ó ní ọjọ́ ìbẹ̀wò kan wà nínú oṣù, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń jókòó sí, òun sì ń retí Yèyé níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ko tèmi.

“Bí Yèyé rẹ bá ti bá ọ sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni kí o dá wọn lóhùn,” ó ní. “Bí mo bá tún gbọ́ Ìsì lẹ́nu rẹ, ulé lo máa padà sí.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló pè é.